Àpò Inú Ọrùn Tòlótòló

Colleen ṣì máa ń gba òpópónà wa kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn àna rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀ ìlú. Á na ọwọ́ sí mi láti inú mọ́tò. N kì í dá a lóhùn. Àwọn aládùúgbò ní mo ti le jù, pé ọmọ tí mo gbé lọ síléèwé láti kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe sí ìyá rẹ̀ fún yín, kí ẹ̀yin náà bá mi dá a bóyá mo le jù.

Arlene Hostetter ni ìyá náà ń jẹ́. Ilé rẹ̀ àti tèmi kọjú síra níhìn-ín ní Coburn Ferry, létí odò Ohio. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni èmi Nadine títí mo fi fẹ̀yìn tì, òun sì wà ní ilé ìdáná iléèwé kan náà. Èmi ni mo ń kó àwọn ọmọ wá, òun ló ń bọ́ wọn yó, èmi náà ni mo ń kó wọn padà sílé. Gbogbo àwọn géńdé tí ẹ ń rí tí wọ́n ń fi ikùn ṣíwájú kiri ìlú yìí, oúnjẹ Arlene wà nínú ikùn yẹn. Síbẹ̀ kò sí ògiri tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹni tó ń bu ọbẹ̀, ta ló ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri?

Ohun tí ó fẹ́ràn láyé kò pọ̀. Ó fẹ́ràn Floyd ọkọ rẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ó fẹ́ràn ọmọ méjèèjì tó bí fún un, Colleen tó jẹ́ àgbà àti Wade àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà ìwọ́wé ló kù. Bí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi báyìí, Arlene kò ní gbádùn àfi kí Floyd gun òkè àjà lọ gbé àwọn páálí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fún un. Ewé bébà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gé nígbà tí wọn ò tíì mọ àlùmọ́gàjí í dì mú dáadáa wà níbẹ̀, á lẹ̀ wọ́n mọ́ fèrèsé. Wọ́n á lọ gba pòròpórò àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n á dì í mọ́ òpó fàráńdà. Elégédé á to orí àtẹ̀gùn láti òkè dé ilẹ̀. Èmi máa ń bú u pé bó bá dúró pẹ́ jù níbẹ̀, ẹnì kan á so pòròpórò mọ́ òun náà. Á ní kí n máa bá tèmi lọ, pé ilé mi dà bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọdún tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń jẹ tòlótòló ní oṣù kọkànlá, ni olórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àṣà kan nílé Hostetter tí Floyd bá nílé bàbá tirẹ̀. Wọ́n á fi ẹyọ àgbàdo gbígbẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oníkálukú. Nígbà tí wọ́n bá ti gé tòlótòló tán, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu, abọ́ onígi kékeré kan á máa yí tábìlì ká. Ẹni tí abọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ju àgbàdo tirẹ̀ sínú rẹ̀, á sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Bí abọ́ bá wà lọ́wọ́ èèyàn, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ lanu. Kò sí ohun tí ẹni náà lè sọ tí wọn ò ní gbọ́ tán. Wade ti fìgbà kan jẹ́wọ́ sínú abọ́ yẹn pé òun ló fọ́ gíláàsì mọ́tò pásítọ̀, nígbà tí kò ju ọmọ kékeré lọ, Floyd kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí Floyd kú, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Lọ́dún kan, wọ́n ní ilé àna àwọn ló kàn. Lọ́dún kejì, wọ́n ní yìnyín ti bo ọ̀nà. Lọ́dún kan báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti bá a ṣọdún. Ó gbé fóònù náà ti ìgò omi lórí tábìlì, ó ń jẹun, ó ń wò wọ́n. Mo wọlé bá a bẹ́ẹ̀, mo sì yáa padà jáde.

Ní ìgbà ìwọ́wé tí mo ń sọ yìí, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ń bojú kiri ilé láti gba súìtì ti súnmọ́lé. Arlene gun àga kí ó lè so iná wínńíwínní mọ́ òkè fàráńdà, àga yẹ̀, ó bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Arlene wo ẹ̀yìn, èmi ló rí. Kò ké. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé kí n má sọ fún Colleen. Kí ni n bá fi bò ó mọ́lẹ̀, nígbà tí ọrùn ọwọ́ ti kán, tí wọ́n sì di ìdè funfun mọ́ ọn dé ìgúnpá?

Colleen dé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò wá lọ́wọ́ òfo o. Ó ti rí ibì kan fún ìyá rẹ̀ nítòsí ara rẹ̀ ní Columbus, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, yàrá tó ní fèrèsé, nọ́ọ̀sì tọ̀sán tòru. Ó pe Wade sórí fóònù ní Indianapolis kí ó lè dá sí i. Colleen ní wọ́n ń ṣọdún nílé náà, wọ́n ń lẹ nǹkan mọ́ ògiri, wọ́n ń se tòlótòló, Màmá á kàn jókòó máa sinmi ni. Arlene jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Ó ní kí wọ́n wá jẹ Ọdún Ìdúpẹ́ lọ́dọ̀ òun.

“Èmi ni màá sè é, láti orí tòlótòló dórí páì. Bí ẹ bá rí àléébù kan lórí tábìlì yẹn, mo gbà, màá lọ síbi tí ẹ ń wí. Bí ẹ ò bá rí, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n kú sílé mi, kí ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.”

Wade rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní òun gbà. Colleen náà ní ó dáa. Nígbà tí ó lọ tán, mo sọ fún Arlene pé ìwà òmùgọ̀ ló hù yẹn, pé ta ló ń fi ẹran tòlótòló ta tẹ́tẹ́ orí ilé ara rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíríkì àti páànù. Colleen ní ilé tirẹ̀, Wade ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn méjèèjì ti ṣì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ibí yìí nìkan ló kù. Bí òun bá kó jáde, ibo ni wọn á tún máa padà sí? 

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ wo obìnrin tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, àmọ́ èmi ni ọwọ́ kejì, ó sì lò mí bí ẹrú. Gbé elégédé yìí sókè, rárá, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Pòròpórò yẹn wọ́, ṣé ojú ló ń dùn ọ́ ni, Nadine? Ó mú ẹ̀wù iṣẹ́ Floyd, ó ní kí n ki koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, ó gbé e jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní Floyd ń kí àlejò káàbọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó tẹ́ tábìlì ńlá, ó fa á gùn tán pátápátá, ó sì to àwo tó kárí gbogbo ẹbí sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, Wade ti sọ pé ìyàwó òun àti àwọn ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó. Ọkọ Colleen ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọgbó lọ dọdẹ àgbọ̀nrín. Mo rán an létí. Ó ní èèyàn lè yí ọkàn padà. Mo bá a to àwo náà.

Tòlótòló ni ó gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó ti gbé e kúrò nínú yìnyín láti ọjọ́ Sátidé sínú fíríìjì kí ó lè yọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀rù tòlótòló tí inú rẹ̀ ṣì dì bí òkúta láàárọ̀ ọdún ń bà á ju ẹ̀rù ikú lọ. Láràárọ̀ ló ń lọ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láyà. Àwa tí a dàgbà sídìí iṣẹ́ yìí, a mọ̀ pé kì í ṣe yìnyín nìkan ni ewu. Àwọn tó ń ta ẹran náà máa ń di ẹ̀dọ̀ àti iwe rẹ̀ sínú àpò bébà kékeré, wọ́n á kì í sí ihò apá ọrùn, wọ́n á sì ki ọrùn tí wọ́n gé sínú ikùn. Ẹni tí kò bá yọ ọ́, á sun bébà mọ́ ẹran, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn á fi sin ín. Kò sí òpópónà kan ní ìlú yìí tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sí.

Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdé ni Colleen dé, pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀ àti epo tirẹ̀, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ kò lọ́bẹ nílé. Kò tíì bọ́ kóòtù tó ti ń nu ilé ìdáná tí a ti nù. Ohunkóhun tí Arlene bá fọwọ́ kàn, Colleen á gbà á. Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ sinmi, Màmá. Ọdún ni, ẹ jẹ́ kí ara tù yín. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí wọ́n ń fi ìsinmi nà rí àfi lọ́jọ́ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an, mo ti wà nídìí tábìlì ilé ìdáná tí mo ń bó ápù fún páì. Wọ́n ti já ìdè ọwọ́ Arlene, ṣùgbọ́n agbára kò tíì padà síbẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó ṣí fíríìjì, ó fẹ́ gbé ẹran. Colleen dì í mú.

Ó ní, “Ó wúwo jù yín lọ, Màmá. Ẹ fún mi.”

“Àdéhùn wa ni pé èmi ni màá sè é.”

“Ta ló fẹ́ mọ̀? Wade ò tíì dé. Ẹ̀yin lẹ sè é, èmi kàn bá yín gbé e ni. Mi ò ní sọ fún un.”

Arlene wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó so ó mọ́ Colleen nídìí fúnra rẹ̀, ó lọ jókòó sí pálọ̀. Nígbà tí mo gbé tíì lọ fún un, ó fà mí mọ́ra, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọge. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Ó fẹ́ kí n dúró, Nadine. Ǹjẹ́ o gbọ́ ohun tó sọ? Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi.” Inú èmi náà dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Mo padà sídìí ápù. Colleen ti ki fóònù sáàárín etí àti èjìká, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fi iyọ̀ àti bọ́tà ra ẹran. Ó ti fa ọrùn jáde láti inú ikùn rẹ̀, ó jù ú sínú ìkòkò. Arlene ké láti pálọ̀ pé, “Colleen, ṣé o ti yọ tinú ẹ̀?” Colleen dáhùn pé òun ti yọ ọ́, pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń se tòlótòló. Ó ti ẹran sínú ààrò, ó pa á dé.

Wade dé ní ọ̀sán. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó yin elégédé, ó bọ Floyd oníkoríko lọ́wọ́, ó wá jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó bọ́ bàtà. Ó ní, “Màmá, òórùn oúnjẹ yín nìyí. Ó ti pẹ́.” Colleen gbọ́ ọ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ti ń ṣe wàhálà láti àárọ̀. Arlene gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí, ó fi aṣọ bo orúnkún, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù tí kò yé e, oòrùn ń gba ara ewé bébà orí fèrèsé wọlé sí i lára. Láti ìgbà tí Floyd ti kú, n kò rí i kí ara rẹ̀ balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sùn díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Wade sì rọra dín ariwo tẹlifíṣọ̀n kù.

A jókòó sídìí tábìlì, àwa mẹ́rin láàárín àwo òfìfo. Pòtétò gígún wà níbẹ̀, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé, búrẹ́dì rírún tí wọ́n fi àlùbọ́sà sè, ọbẹ̀ èso pupa, páì méjì. Tòlótòló pọ́n dáadáa, awọ rẹ̀ ń dún lábẹ́ ọ̀bẹ. Wade dìde, ó gé itan, ó gé àyà, ó ń yin ìyá rẹ̀ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Colleen wò ó, pé ìyá tí wọ́n ní kò lè dá gbé nìyí. Colleen ní òótọ́ ni. Mo rí i lójú Arlene pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ilé ti di tirẹ̀.

Wade yí ẹran padà kí ó lè gé ti apá ọrùn. Ọ̀bẹ kọ́ nǹkan. Ó fi fọ́ọ̀kì wá ibẹ̀, ó fà á, àpò bébà tó ti jóná lójú kan tẹ̀ lé fọ́ọ̀kì jáde, ọ̀rá ń kán lára rẹ̀ sórí aṣọ tábìlì.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀, nítorí ó rántí àdéhùn.

Arlene kò wo àpò náà. Colleen ló ń wò. Kò fi ojú bẹ̀ ẹ́, kò fi ojú bá a wí, ó kàn ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti sọ. Colleen ń to ṣíbí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀. Ó tò ó, ó tún un tò.

Wade gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Ó ní, “Màmá, ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú ẹran. Mo mọ̀ pé kò lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gáàsì lẹ gbàgbé ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín dá àdéhùn.”

Mo la ẹnu. Arlene já mi léèékánná nítan lábẹ́ tábìlì títí mo fi pa á dé. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ mú abọ́ onígi. Látọjọ́ tí mo ti ń jẹun nílé yẹn, àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ dúpẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò ju àgbàdo sínú rẹ̀. Ó ti abọ́ náà síwájú Colleen.

 Ohun tí Wade jẹ́wọ́ rẹ̀ sínú abọ́ yẹn ní kékeré burú ju ẹ̀dọ̀ tòlótòló lọ, wọn ò sì pa á. Colleen di abọ́ mú fún ìgbà pípẹ́. Ó ju àgbàdo rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ pé gbogbo àwọn wà papọ̀ lọ́dún yìí. Ó gbé abọ́ fún Wade. Wade ní òun dúpẹ́ pé àwọn rí àmì kí nǹkan tó bàjẹ́. Ó kàn mí. Mo ní mo dúpẹ́ fún ojú méjì tí Ọlọ́run fún mi, tí kò tíì fọ́, tó ń rí ẹni tó bá dúró sídìí ààrò. Colleen pọ́n láti ọrùn dé etí. Wade rò pé yẹ̀yẹ́ ìyá òun ni mo ń ṣe, ó ní, “Àǹtí Nadine, ó tó.”

Arlene ló gbẹ̀yìn. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé náà, pé ó gba òun láyè. Ó ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ ṣe àdéhùn kì í yẹ̀ ẹ́, òun á lọ sí Columbus kí ọdún Kérésì tó dé. Ó ní kí Wade bu ẹran, kí ó má tutù. A sì jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn ló tún wá korò.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Wade padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Èmi àti Arlene wà nídìí omi àwo. Mo sọ fún un pé mo ń lọ sí pálọ̀ báyìí láti tú ọ̀rọ̀ náà síta, pé èèyàn kì í wo ìwà ìkà níran. Ó di etí aṣọ mi mú.

Ó ní, “Bó bá ti ẹnu tìrẹ jáde, ilé nìkan ni mo máa rí gbà. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni mo ń wá mọ́, ọmọ mi ni.”

Colleen wọlé pẹ̀lú àwo tó kù. Ó gbé wọn kalẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní òun ni. Arlene ní òun mọ̀, pé òun ò tíì sùn nígbà tí Colleen dáhùn pé òun ti yọ ọ́. Colleen ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun, pé ojú Wade ni òun rí tí òun kò fi lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni òótọ́ kejì jáde. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni ọkàn rẹ̀ ń já, á rò pé wọ́n ti bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Wade jìnnà, òun ni wọ́n ń pè, òun ló ń wa mọ́tò lóru. Ẹ má rò pé n kò gbọ́ ìyẹn. Mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ gidi ni.

Arlene nu ojú rẹ̀ fún un pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Ó ní, “Ó rẹ̀ ọ́, mo gbà. Bí o bá fẹ́ kí n lọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wá sọ ọ́ sí mi lójú, màá di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n má fi ẹran tí ìwọ sè lé mi jáde nílé bàbá rẹ, kí ọmọ mi ọkùnrin máa rò pé orí mi ti dàrú. Àbúrò rẹ ló wà ní pálọ̀ yẹn. Lọ sọ fún un.”

“Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin á dúró síbí.”

“A ò tíì mọ̀. Sọ ọ́ ná.”

Colleen fọ ojú. Ó ní òun ń lọ. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ dúró níwájú pálọ̀, a ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ibi tí a wà. Arlene fi àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi.  Èmi gan-an di etí tábìlì mú.

Wade ní, “Kí ló dé?”

Colleen dúró. A gbọ́ tí àwọn ará bọ́ọ̀lù pariwo, tí ariwo náà sì rọlẹ̀.

Colleen ní, “Kò sí o. Ta ló fẹ́ mu kọfí?”

Wade ní òun fẹ́, kí ó le dáadáa.

N kò lè wo Arlene lójú. Omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó pọn omi sínú ìkòkò kọfí, ó sì ní kí n bá òun gbé àwọn ife tó dára jáde.